Ẹṣin Ọbabìnrin Kò Wọ Melbourne, Ewúrẹ́ Ń Fi Òru Wọ Yewa

Bí mọ́tò bá ti yà kúrò ní Pápálantó tó dorí kọ Ìlaròó, ara èrò ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Oko ẹ̀gẹ́ wà lọ́tùn-ún, oko ẹ̀gẹ́ wà lósì, àwọn ọlọ́kadà á sì máa sáré kọjá pẹ̀lú àpò gaàrí lẹ́yìn. Ìlaròó nílé Olú, ibẹ̀ náà ni Ilé-ẹ̀kọ́ Poli tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1979 wà. Ẹni tó bá ń bá ọ̀nà lọ á gba Ọ̀wọdé, títí yóò fi dé Ìdí-Ìrókò, níbi tí Nàìjíríà parí sí. Ìṣísẹ̀ mélòó kan síwájú, séfà ni wọ́n ń ná, Faransé ni ọlọ́pàá ń sọ, àmọ́ Yorùbá àti Ègùn ni ìyá ẹlẹ́kọ ṣì fi ń kí oníbàárà rẹ̀.

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọjà ń gba ọ̀nà yìí. Ẹran náà ń gbà á: màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́, adìyẹ. Ìbéèrè kan ló wà nílẹ̀: ta ló ń yẹ ẹran wọ̀nyí wò kí wọ́n tó dé ìsọ̀ alápatà? Ẹni tó bá fẹ́ ìdáhùn rẹ̀ á kọ́kọ́ wọ inú oko Yewa, á ti ibẹ̀ dé ilẹ̀ Ọsirélíà, kó tó padà wálé.

ÀÀLÀ KÒ DÁ EWÚRẸ́ DÚRÓ

Ẹ̀gbádò ni wọ́n ń pe agbègbè yìí tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi orúkọ odò Yewa pè é ní 1995. Ààlà tó wà níbẹ̀, òyìnbó ló fà á. Ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ibi tí ilẹ̀ kálukú wọn yóò parí sí. Wọn ò bi àgbẹ̀ kankan léèrè. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ọmọ Kétu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i, kó gba Ayétòrò. Láti Ayétòrò, ọ̀nà á gbé e dé Ìmẹ̀kọ. Láti Ìmẹ̀kọ, á dé Ìlárá. Ìlárá yìí, àárín àwọn ọmọ ìyá kan náà ni ààlà gbà kọjá. Ẹ̀gbọ́n lè máa gbé ní Nàìjíríà, kí àbúrò wà ní Bẹ̀nẹ̀, kí wọ́n sì jọ máa yá ara wọn ní ọmọ odó. Ewúrẹ́ tó jáde láàárọ̀ lè jẹ koríko ní Bẹ̀nẹ̀, kó mumi ní Nàìjíríà, kó sì padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀ nírọ̀lẹ́ láìfi ìwé ìrìnnà han ẹnikẹ́ni. Bí ewúrẹ́ ò ṣe mọ ààlà, bẹ́ẹ̀ gan-an ni àrùn tó bá wà lára rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n.

ỌJỌ́ NI TI ÒFIN, ÒRU NI TI FÀYÀWỌ́

Ìjọba kò ṣàìmọ èyí. Láti 1988 ni òfin ìdènà àrùn ẹran ti wà ní Nàìjíríà. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kó ẹran wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè láìgba ìwé àṣẹ. Ní 1998, àwọn ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà tó wà nínú ECOWAS tún fọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹran tí àwọn darandaran ń dà kọjá ààlà. Wọ́n ní kí olówó ẹran mú ìwé ẹ̀rí dání, kí iye ẹran rẹ̀ wà nínú ìwé náà, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ti gún wọn àti ibodè tó fẹ́ gbà. Wọ́n ní ojúmọmọ ni kí ẹran kọjá. Èyí tí kò bá níwèé, kí wọ́n sé e mọ́ ibodè.

Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé òru ni fàyàwọ́ ń rìn? Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti ibodè pa. Wọ́n ṣí Sẹ̀mẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2020, àmọ́ Ìdí-Ìrókò kò ṣí títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Àwọn ọlọ́jà tó gbára lé ọ̀nà náà jẹ̀yà gidi. Síbẹ̀, igi tí wọ́n fi dábùú títì kò dí igbó. Ipa ọ̀nà tó wà láàárín oko kò lóǹkà. Ibẹ̀ ni tòlótòló dídì tí ìjọba ti fòfin dè láti ọjọ́ pípẹ́ ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni ẹran ààyè ń gbà.

OGÓJÌ ỌJỌ́

Kọ́ràntíìnì ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń pe sísé tí wọ́n ń sé ẹran mọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Ítálì ni, ogójì ló sì túmọ̀ sí. Láyé àtijọ́, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ń pa àwọn ará Yúróòpù lọ bí ẹni gbálẹ̀, ìlú Venice ní kí ọkọ̀ ojú omi tó bá ti ibi tí àrùn wà dé dúró fún ogójì ọjọ́ kí èrò inú rẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ìyá wa kì í ṣàjèjì sí ogójì ọjọ́. Ìyá ìkókó náà mọ ohun tó ń jẹ́ kí èèyàn fara mọ́lé títí ọjọ́ yóò fi pé.

Ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ rèé. Àrùn kì í hàn lójú ẹran lọ́jọ́ tó bá wọ̀ ọ́ lára. Ẹ wo àrùn ewúrẹ́ àti àgùntàn tí wọ́n ń pè ní kátà. Ewúrẹ́ tó ti kó o lè máa jẹ èèpo iṣu, kó máa ké, kí irun rẹ̀ máa dán, fún bí ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni ikun á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn nímú rẹ̀, ojú á máa ṣepin, ẹnu á bó, ìgbẹ́ gbuuru á dé, ikú á sì tẹ̀ lé e. Kí àrùn náà tó fojú hàn dáadáa, ó ti lè mí sójú gbogbo ewúrẹ́ tí wọ́n jọ wà nínú mọ́tò àti lórí ìsọ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n sé e mọ́ ibì kan fún ìwọ̀n ọjọ́ díẹ̀ ni, àṣírí á ti tú. Kátà kì í mú èèyàn, owó èèyàn ló ń mú lọ.

Ká ní ìyá kan ní Ayétòrò ra ewúrẹ́ 6 ní pọ́ọ́kú lọ́wọ́ ẹni tó fi òru kó wọn dé. Ó dà wọ́n pọ̀ mọ́ 10 tó ti wà nílé. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá ti ní kátà lára nínú àwọn àlejò náà, òfo lè bá èyí tó pọ̀ jù nínú 16 kí oṣù tó parí. Bó bá ṣe pé owó àjọ ló fi rà wọ́n ńkọ́? Ẹni tó tà á kò sí lórí ìjókòó mọ́, kò fún un ní ìwé kankan, kò sì lè dá ilé rẹ̀ mọ̀. Olówó àjọ ni yóò máa kanlẹ̀kùn.

ẸṢIN ỌBABÌNRIN DÚRÓ LẸ́NU Ọ̀NÀ

Àwọn kan á ní gọ́fúmẹ́ǹtì kàn ń fi òfin yìí ni mẹ̀kúnnù lára ni. Kí wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1956.

Lọ́dún náà, ìlú Melbourne ní Ọsirélíà ló gba àlejò Òlíńpíìkì. Àwọn eléré ìdárayá láti Nàìjíríà náà lọ síbẹ̀. Ìdíje ẹṣin wà lára ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, àmọ́ òfin Ọsirélíà ní kí ẹṣin tó bá ti òkèèrè bọ̀ wà ní ìsémọ́ fún oṣù 6. Omi ló yí ilẹ̀ wọn ká. Wọ́n ń sin àgùntàn àti màlúù lọ́pọ̀ yanturu, ọ̀pọ̀ àrùn tó ń pa ẹran níbòmíì kò sì sí lọ́dọ̀ wọn. Wọn ò fẹ́ kó débẹ̀. Wọ́n ní kí ìjọba dẹ òfin náà díẹ̀ nítorí eré, ìjọba kọ̀ jálẹ̀.

Ta ló máa so ẹṣin ìdíje mọ́lẹ̀ fún oṣù 6 kó tó wá sáré? Ni wọ́n bá gbé ìdíje ẹṣin kúrò ní Melbourne pátápátá, wọ́n gbé e lọ sí Stockholm, lórílẹ̀-èdè Sweden, ní òdì kejì ayé. Ọjọ́ 10 sí ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ni wọ́n ṣe é níbẹ̀, nígbà tí Melbourne kò bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ títí di ìparí oṣù kọkànlá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn rèé. Ọ̀kan nínú àwọn ẹṣin tí Gẹ̀ẹ́sì fi gba góòlù ní Stockholm, Countryman lorúkọ rẹ̀, Ọbabìnrin Elizabeth ló ni ín. Elizabeth yìí kan náà ni ọba Ọsirélíà. Òun náà ni àwọn ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Àríwá gun ẹṣin jó fún ní Kaduna nígbà tó wá sí Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn. Síbẹ̀, òfin kò torí pé ẹṣin ọba ni kó ní kó máa kọjá. Stockholm ni ẹṣin ọba ti sáré bíi ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, ọba fúnra rẹ̀ sì lọ síbẹ̀ lọ wòran.

Níbẹ̀ náà ni ẹṣin Jámánì kan, Halla, ti ṣe ohun tí wọn ò gbàgbé. Hans Günter Winkler tó gùn ún ṣèṣe níbi itan, ìrora kò sì jẹ́ kó lè darí ẹṣin bó ṣe yẹ mọ́. Halla ló gbé e fo gbogbo igi ìdènà ní ẹsẹ̀ kejì láìgbá ẹyọ kan lulẹ̀, góòlù sì di tiwọn.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní 2008. Beijing ni wọ́n fún ní Òlíńpíìkì, ṣùgbọ́n Hong Kong ni wọ́n ti gun ẹṣin, nítorí àrùn ẹṣin kan náà ni. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré.

KANTÍKANTÍ TÓ PA ẸṢIN

Ẹṣin ilẹ̀ wa ńkọ́? Tiwọn tún le ju ìyẹn lọ. Àrùn kan wà tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní àrùn ẹṣin Áfríkà. Kòkòrò bíi kantíkantí, tó kéré ju ẹ̀fọn lọ, ló ń gbé e láti ara ẹṣin kan dé ara òmíràn. Ibà á mú ẹṣin, òkè ojú rẹ̀ á wú, ìfófòó á máa jáde nímú rẹ̀, láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti ṣubú. Nínú ẹṣin 10 tí kò bá irú rẹ̀ pàdé rí, 9 lè kú. Ilẹ̀ Áfríkà ni àrùn náà fi ṣelé. Àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà lè ní in lára láìrẹ̀ wọ́n rárá.

Ní 1987, wọ́n kó kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà láti Nàmíbíà lọ sí ọgbà ẹranko kan nítòsí Madrid, ní Sípéènì. Ojú wọn mọ́ kedere. Àrùn tí wọ́n gbé dé kò tán nílẹ̀ Sípéènì títí di 1990, bẹ́ẹ̀ ní 1992 ni Òlíńpíìkì ń bọ̀ ní Barcelona. Ó di dandan kí wọ́n ya agbègbè kan sọ́tọ̀ tí àrùn kò ní dé, kí ẹṣin ayé tó lè wá. Ní 2020, àrùn yìí kan náà dé Táílándì, ó sì pa ẹṣin tó ju 500 lọ.

Ìdí nìyẹn tí ẹṣin kò fi lè ti Nàìjíríà gbéra tààrà lọ díje nílùú òyìnbó. Láti 1904 ni ẹgbẹ́ agbá-pólò ti wà l'Ékòó. Bí àwọn àlejò láti òkèèrè bá wá gbá a, ẹṣin tó wà nílẹ̀ níbí ni wọ́n ń gùn. Èèyàn wọ bàálù wá, ó wọ bàálù lọ. Ẹṣin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

ẸṢIN ALÁÀFIN LỌ́NÀ ÌLARÒÓ

Ará Yewa kọ́ ló yẹ kó yà lẹ́nu pé kòkòrò lè borí ẹṣin. Láyé Ọ̀yọ́ Ilé, ilẹ̀ Ẹ̀gbádò ni Ọ̀yọ́ ń gbà kó ọjà lọ sétí òkun, sí Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì. Ìjànà, tí kò jìnnà sí Ìlaròó, ni Oníṣàrẹ́ tí Aláàfin fi ṣe ajẹ́lẹ̀ ń gbé. Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, gba agbègbè yìí lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé lẹ́yìn tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ìparí ọdún 1825.

Ẹṣin ni agbára Ọ̀yọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn Tápà àti Haúsá ni wọ́n ti ń rà wọ́n, iwájú wọn ni ọmọ ogun Dàhómè sì ti sá. Àmọ́ bí ẹṣin bá ti wọ ilẹ̀ igbó tó sì pẹ́ níbẹ̀, eṣinṣin tí wọ́n ń pè ní tsetse á fi àrùn sí i lára, á máa rù, á sì kú. Ìdí kan nìyẹn tí ogun ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ kò fi lè jókòó pẹ́ ní ìsàlẹ̀. Ọfà lè tàsé ẹṣin. Eṣinṣin kì í tàsé.

PỌ̀NMỌ́ TÓ DI Ẹ̀RÙ

Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà kò parí sórí ẹṣin. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àrùn ántráàsì bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá Gánà. Ilé-iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ti ìjọba àpapọ̀ kìlọ̀ pé kí àwọn èèyàn ṣọ́ra fún pọ̀nmọ́, ẹran yíyan àti ẹran ìgbẹ́. Àwọn ìyá onípọ̀nmọ́ á rántí ọjọ́ yẹn. Nígbà tó fi di oṣù keje, wọ́n ti rí àrùn náà nínú oko ẹran kan ní Suleja, Ìpínlẹ̀ Niger.

Ántráàsì kì í ṣe ti ẹran nìkan, ó ń pa èèyàn. Ẹran tó bá kú lójijì, tí ẹ̀jẹ̀ dúdú ń jáde nímú, lẹ́nu tàbí nídìí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ là á, kò gbọ́dọ̀ bó awọ rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ sọ pé òun ń dù ú kí owó má bàa ṣòfò. Àrùn náà lè sùn sínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó jí. Dókítà ẹran ni kí wọ́n ké sí.

ẸJỌ́ KÌ Í ṢE TI ẸNÌ KAN

Ká sọ òótọ́, ọlọ́jà náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ elẹ́ran ìdí tó fi gba inú igbó, á ní ojú títì ló gbówó jù: ẹni méjì dá òun dúró, ẹni mẹ́ta tún dá òun dúró, kò sí èyí tó wo ẹnu ẹran, àpò ni wọ́n ń wò. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí, ìbodè di ibi ìgbowó lásán, igbó á sì dùn ún rìn. Òfin Ọsirélíà kò lágbára nítorí pé ó le. Ohun tó fún un lágbára ni pé ẹṣin ọba àti ẹṣin ìjòyè, bákan náà ló rí lójú rẹ̀. Ẹni tí ìjọba bá fi sí ibodè, kó máa yẹ ẹran wò, kó sì jẹ́ kí ẹni tó níwèé kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Kì í sì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe. Àrùn màlúù kan wà tí òyìnbó ń pè ní rinderpest. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sókè, ó run agbo màlúù ní Nàìjíríà tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ darandaran fi di aláìní. Abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìsémọ́, àti ìṣọ́ ibodè kárí ayé ni wọ́n fi lé e. Ní 2011, wọ́n kéde pé kò sí mọ́ láyé. Lẹ́yìn ṣànpọ̀nná, òun ni àrùn kejì tí ọmọ aráyé lé lọ pátápátá.

Ní ti ìyá elẹ́ran tó wà ní Ìlaròó, Ọjà-Ọ̀dàn tàbí Ayétòrò, kò pọn dandan kó dúró de ìjọba. Kọ́ràntíìnì lè wà lẹ́yìnkùlé. Ewúrẹ́ tuntun tó bá ti ọjà dé, kó so ó lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kó má jẹ́ kó bá ti ilé jẹun nínú igbá kan náà tàbí mumi nínú abọ́ kan náà. Àwọn tó wà nílẹ̀ ni kó kọ́kọ́ fún lóúnjẹ kó tó kan àlejò. Kó bi dókítà ẹran tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ nípa abẹ́rẹ́ kátà. Èyí tó bá ń sunkún ikun, kó má sáré gbé e lọ sọ́jà lọ tà fún ẹlòmíì, nítorí ọjà kan náà ni yóò tún ti ra òmíràn.

Nírọ̀lẹ́ ní Ìlárá, àwọn ọmọdé á máa da ewúrẹ́ bọ̀ láti ìhà méjèèjì ààlà, èéfín oúnjẹ alẹ́ á máa rú ní Nàìjíríà, á máa rú ní Bẹ̀nẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú tán, ẹsẹ̀ mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú oko. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹran tí wọ́n bá kó dé lóru, tí owó rẹ̀ sì pọ́ọ́kú jù, ẹ béèrè ìwé rẹ̀ kí ẹ tó béèrè iye rẹ̀.